Iṣẹ́ Ti Bọ́, Owó Kò Tíì Jáde: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Àwọn Olùkàwé

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń wọlé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹkún kan náà ló wà nínú wọn: iṣẹ́ bọ́, owó tó yẹ kó tẹ̀lé e sì há síbì kan. A ṣa díẹ̀ nínú wọn dáhùn. A ti yọ orúkọ ẹni tó kọ̀wé àti ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kúrò.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ọ̀rẹ́ mi fi líǹkì kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ìjọba àpapọ̀ ń san owó oṣooṣù fún ẹni tí kò níṣẹ́, pé kí n san ₦5,000, kí n sì fi BVN mi sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? (Ògbà)

Irọ́ ni. Ẹ má san kọ́bọ̀, ẹ má sì fi BVN yín sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí owó oṣooṣù tí ìjọba Nàìjíríà ń san fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 16(2)(d), ní kí ìjọba pèsè fún ẹni tí kò níṣẹ́. Ṣùgbọ́n abala 6(6)(c) ti gbégi dínà: a kò lè torí ìlérí náà nìkan gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ó dùn wá púpọ̀, nítorí ebi kì í fi abala òfin pa ara.

Àwọn kan tún máa ń dárúkọ NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan. Ti ẹni tó fara pa tàbí tó gbàìsàn lẹ́nu iṣẹ́ ni tiwọn, lábẹ́ òfin ọdún 2010. Kò kan ẹni tí wọ́n dá dúró.

Ohun tó wà fún yín ni owó ara yín. Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti 2014, abala 7(2), gba ẹni tí kò tíì pé ọmọ 50 ọdún láàyè láti gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀, bí oṣù mẹ́rin bá ti kọjá lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́, tí kò sì tíì rí òmíràn. Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí ni wọ́n ti ń ka oṣù mẹ́rin náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ gba fọ́ọ̀mù. Nítorí náà, inú oṣù mẹ́rin yẹn gan-an ni kí ẹ ti tún ìwé yín ṣe. Ẹni tó dúró títí oṣù mẹ́rin náà fi pé kó tó ya sí ọ́fíìsì PFA, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ló máa ń bá ìdíwọ́ pàdé nígbà tí owó ilé ti tán.

Mo ti fi gbogbo ìwé sílẹ̀ fún PFA mi: NIN, BVN, ìwé ìdádúró, fọ́ọ̀mù, fọ́tò. Ó ti lé ní oṣù méjì. Bí mo bá pè wọ́n, “ó ń lọ lọ́wọ́” ni. Mo ti yí orúkọ mi sí ti ọkọ mi ní báńkì, bóyá ìyẹn kàn án? (Sùúrùlérè)

Ó kàn án o, ìyá wa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun gan-an ni. Orúkọ tó wà lórí NIN, èyí tó wà lọ́dọ̀ PFA àti èyí tó wà ní báńkì gbọ́dọ̀ bára mu. Kò ní láti jẹ́ ìyípadà ńlá kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Kó jẹ́ Sekinat níbì kan àti Sẹ̀kínátù níbòmíràn ti tó. Kó jẹ́ Tóyìn ní báńkì àti Olúwatóyìn lórí NIN náà ti tó. Ọjọ́ ìbí tó fi ọdún kan yàtọ̀ le ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Bí ẹ ó ṣe tò ó ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́kọ́ pinnu orúkọ tí ẹ fẹ́ máa jẹ́. NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tún NIN ṣe, pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó àti ìkéde ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn náà ni báńkì, kí wọ́n tún BVN ṣe. PFA ló kẹ́yìn, kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ yín gbà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ PFA yóò padà sọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kejì, torí pé orúkọ tó wà lórí NIN ni wọ́n fi ń yẹ tiwọn wò. Bó bá jẹ́ pé orúkọ ilé bàbá yín ló ṣì wà lórí NIN àti lọ́dọ̀ PFA, ọ̀nà kúkúrú kan wà: ẹ fún PFA ní nọ́ńbà àkáǹtì míràn tó ṣì ń jẹ́ orúkọ yẹn, bí ẹ bá ní, tí BVN náà kò bá tíì yí padà.

Ohun kejì tó máa ń dá ìwé dúró ni PIN méjì, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, kì í ṣe ti káàdì báńkì. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ forúkọ ẹni sílẹ̀, ìkejì tún forúkọ sílẹ̀ láìbéèrè. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ní ju àkáǹtì ìfẹ̀yìntì kan lọ, ẹ sọ fún PFA kí wọ́n pa ìkejì rẹ́, kí owó inú rẹ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Ìkẹta ni ìwé ìfipòsílẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ kò kọ èsì sí. Bí ẹ bá fọwọ́ ara yín fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn yóò béèrè ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi gbà pé ẹ ti lọ.

Ẹ jáwọ́ nínú pípè wọ́n. Ìwé ni kí ẹ kọ, tàbí í-meèlì. Kí ẹ kọ PIN yín, ọjọ́ tí ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ìwé wo ló kù, ta ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí?” Bó bá jẹ́ ìwé, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà tiyín. Bí èsì kò bá wá, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn lẹ ó so mọ́ ẹ̀sùn tí ẹ ó kọ sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀sùn tí kò ní ọjọ́ nínú kì í rìn jìnnà.

Ẹ̀yin alàgbà, ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ni mo ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù. Oṣooṣù ni ìwé owó oṣù mi ń fi hàn pé wọ́n yọ owó ìfẹ̀yìntì, àmọ́ nígbà tí mo gba sítétímẹ́ǹtì lọ́wọ́ PFA, owó oṣù 14 kò sí níbẹ̀. HR ní kí n ṣe sùúrù. Ṣé owó yẹn ti wọmi nìyẹn? (Ṣómólú)

Kò wọmi. Gbèsè ni, ó sì ń wú.

Òfin ní kí wọ́n yọ ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó yín, kí agbanisíṣẹ́ náà sì fi ó kéré tán ìdá 10 kún un. Owó oṣù gan-gan, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n máa pa pọ̀ ṣírò, ẹ má fi iye tó ń wọ báńkì yín ṣe é. Ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n san owó oṣù ni òfin fún wọn láti fi owó náà ránṣẹ́. Bí wọn kò bá ṣe é, ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí wọ́n jẹ yóò máa gorí rẹ̀ lóṣooṣù. Ibi tó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ nìyí: ìtanràn náà kì í ṣe ti ìjọba. Inú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín ló ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà jẹ́ ₦150,000 lóṣù. Tiyín jẹ́ ₦12,000, tiwọn ₦15,000, àpapọ̀ ₦27,000. Oṣù 14 jẹ́ ₦378,000. Ìtanràn oṣù kìn-ín-ní jẹ́ ₦540. Ní oṣù kejì, gbèsè ti di ₦54,000, ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,080. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa gùn títí dé ₦7,560 ní oṣù kẹrìnlá. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìtanràn nìkan ti di ₦56,700, àpapọ̀ gbèsè sì jẹ́ ₦434,700. Láti ibẹ̀ lọ, ₦7,560 ní ó kéré tán ni yóò máa kún un lóṣooṣù títí wọn yóò fi san án. Ẹ fi iye tiyín sí ipò èyí tí a lò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣù lóṣù, torí ẹni tó bá mú ìṣírò dání ni wọ́n ń dá lóhùn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jà, ẹ wádìí bóyá wọ́n tilẹ̀ ti san án. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ fi owó ránṣẹ́ láìfi ìwé orúkọ tẹ̀lé e, tàbí kí wọ́n ṣi nọ́ńbà kan kọ nínú PIN, tó jẹ́ lẹ́tà PEN àti nọ́ńbà 12. Owó á wà níbẹ̀ láìní olówó. Ẹ gba ẹ̀rí ìsanwó lọ́wọ́ HR, pẹ̀lú ìwé tó ní orúkọ yín, PIN, oṣù àti iye, kí ẹ gbé e fún PFA. Ìyẹn rọrùn.

Bí ẹ̀rí kò bá sí, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ dárúkọ oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbọ́ èsì. Tí ọjọ́ náà bá kọjá, ẹ kọ̀wé sí PenCom. Ohun tí ẹ ó so mọ́ ọn ni ìwé ìgbaniṣíṣẹ́, ìwé owó oṣù tó fi hàn pé wọ́n yọ owó, sítétímẹ́ǹtì PFA tó fi hàn pé kò dé, àti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ náà. Láti ọdún 2012 ni PenCom ti ń rán àwọn aṣojú tó ń yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ wò láti gba irú gbèsè yìí pẹ̀lú ìtanràn rẹ̀. Ẹ kó àwọn tí wọ́n jọ dá yín dúró mọ́ra, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ẹ sì wádìí bóyá ilé-iṣẹ́ náà ń gba kọ́ńtíráàtì ìjọba, torí ẹni tó bá fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí PenCom pé òun kò jẹ gbèsè ìfẹ̀yìntì. Ibẹ̀ ló máa ń ká wọn lára jù.

Ṣé kí ẹ dúró de owó oṣù 14 yẹn kí ẹ tó béèrè ìdá 25 yín? Èrò tiwa ni pé kí ẹ má fi ebi dúró de ẹni tó ti já yín kulẹ̀. Bí ₦1,200,000 bá wà nínú àkáǹtì yín báyìí, ₦300,000 ló tọ́ sí yín. Ẹ béèrè fún un. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kí PFA kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín bí wọ́n ṣe máa ṣe owó tó bá wọlé lẹ́yìn náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá sì wá san án, kí wọ́n kọ oṣù tó wà fún sínú ìwé, kó má baà dà bíi pé ẹ ti ríṣẹ́ tuntun.

Ọ́fíìsì wa ní Broad Street ti kógbá sílé. Wọ́n jẹ wá ní owó oṣù mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó fún wa ní ìwé kankan. PFA ní láìsí ìwé ìdádúró, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. (Erékùṣù Èkó)

Ọ̀rọ̀ méjì ni, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ti PFA, ẹ bi wọ́n bóyá wọn yóò gba ìwé ìbúra kóòtù dípò, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ nínú rẹ̀ kí ẹ tó búra. Ó kéré tán, kó ní orúkọ yín bó ṣe wà lórí NIN, PIN, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, bí ilẹ̀kùn ṣe tì, àti pé ẹ kò tíì ríṣẹ́. Ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ iṣẹ́ àti sítétímẹ́ǹtì báńkì tó fi owó oṣù hàn kún un. Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà nínú gbogbo ìwé.

Ti owó oṣù, Citizens’ Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kì í gba owó. Wọn yóò ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀gá yín, bí ẹ bá sì fẹnu kò, ẹ rí i pé ó wà nínú ìwé tí gbogbo yín fọwọ́ sí. Wọn kò lè fi agbára mú ẹni tó kọ̀ láti wá. Bí ó bá kọ̀, National Industrial Court ní Ìkòyí ló kàn. Láti ìgbà tí wọ́n tún ìwé òfin ṣe ní 2011, òun ló ni ẹjọ́ iṣẹ́ àti owó oṣù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín kí ẹ má gbé e lọ sí kóòtù gbèsè kéékèèké ti Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ yá. Ẹ̀sùn, ẹ̀rí àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n búra sí àti ẹ̀dà ìwé yín gbọ́dọ̀ wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí agbára lọ́yà kò bá sí, ẹ lọ sí Office of the Public Defender.

Ilé-iṣẹ́ tó tilẹ̀kùn kò kú lójú òfin. Bí orúkọ rẹ̀ bá ṣì wà lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ lè pè é lẹ́jọ́, CAC náà lẹ ó sì ti rí orúkọ àwọn olùdarí rẹ̀ àti àdírẹ́sì tí wọ́n máa gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ. Ọdún mẹ́fà ni òfin Èkó fún ẹni tí wọ́n ba àdéhùn jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ láti lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n ẹ má lò ó tán.

Ọmọ ọdún 52 ni mí nígbà tí wọ́n dá mi dúró. Ṣé fọ́ọ̀mù ìdá 25 náà ni mo máa gbà? (Mushin)

Rárá, sà. Ti ẹni tí kò tíì pé 50 nìyẹn. Fọ́ọ̀mù ìfẹ̀yìntì ni kí ẹ béèrè. Ẹ ó gba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyókù á máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ṣèèṣì fún yín ní fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, ẹ dá a padà, torí ìdí tí wọn yóò fi kọ̀ yín nìyẹn.

Ọmọ mi ń bá ẹnì kan tajà ní Balógun fún ọdún kan àtààbọ̀. Wọ́n lé e lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn kò san owó oṣù yẹn fún un. Kò ní PIN kankan. (Èbúté Mẹ́ta)

Níbi tí kò sí àkáǹtì, kò sí ìdá 25. Ṣùgbọ́n owó ọjọ́ tó ti ṣiṣẹ́ jẹ́ tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin iṣẹ́ ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní ìkìlọ̀ ṣáájú: ọjọ́ kan bí kò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan bí kò bá tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì bí kò bá tíì pé ọdún márùn-ún, oṣù kan láti ọdún márùn-ún sókè. Ẹni tí kò fúnni ní ìkìlọ̀ náà á san owó rẹ̀. Ti ọmọ yín jẹ́ owó ọ̀sẹ̀ kan lórí ohun tó ti ṣiṣẹ́ fún. Kí ó gbé e lọ sí Citizens’ Mediation Centre. Bí kò bá ní ìwé ìgbaniṣíṣẹ́, álàátì owó oṣù tó ń wọlé àti ọ̀rọ̀ tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ jọ sọ lórí WhatsApp lè ṣe ẹ̀rí. Kó ya àwòrán wọn lónìí, kí ọ̀gá náà tó pa wọ́n rẹ́.