Pípa Wi-Fi ilé lóru: ìbéèrè yín láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ yìí ju ohun tí ojú ìwé wa lè gbà lọ, nítorí náà a pa àwọn tó jọra pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa Wi-Fi lóru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ pa gan-an. Ṣé Wi-Fi nìkan ni? Ṣé ráútà fúnra rẹ̀, àpótí tó ń pín Wi-Fi, ni? Àbí íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù ọmọ? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn lẹ́tà yìí ti ṣìnà.

Okun o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní nílé ìwé girama, ráútà tó ń lo síìmù 4G la sì ń lò. Aago 2 òru á lù, wọn ò ní tíì sùn. Bí mo bá yọ ráútà lára iná, tí oorun bá ti gbé mi lọ, wọ́n á tún so ó padà. Ṣé ó lè máa fúnra rẹ̀ kú ní aago 10 alẹ́, kó sì jí ní aago 6 àárọ̀? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Kàbà.

Ó lè ṣe é, ìyá wa, bí ráútà yín bá ní ètò náà nínú. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ ka bébà tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ ó fi wọ ibi ètò rẹ̀ wà níbẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ Huawei tó ń lo síìmù ni 192.168.8.1. Ti TP-Link ni 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, ẹ sì lè kọ tplinkwifi.net dípò rẹ̀. Ẹ so fóònù yín mọ́ Wi-Fi náà, kí ẹ pa dátà síìmù orí fóònù, torí bí ẹ bá fi í sílẹ̀, fóònù lè gba ojú dátà lọ, ojú ìwé náà ò sì ní ṣí. Ẹ wá tẹ nọ́ńbà yẹn sí òkè Chrome níbi tí àdírẹ́sì máa ń wà.

Páásíwọ́ọ̀dù tó máa béèrè yàtọ̀ sí ti Wi-Fi. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì yí i padà, ó wà lára bébà ìdí ráútà. Ẹ yí i padà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àwọn ọmọ bá mọ̀ pé "admin" lásán ni, iṣẹ́ yín ò ní pé ọjọ́ méjì kó tó bàjẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, ẹ wo aago ráútà náà. Lórí ọ̀pọ̀ TP-Link, abẹ́ Advanced ló wà, níbi tí wọ́n kọ Time Settings sí. Ẹ yan GMT+01:00, kí ẹ jẹ́ kó máa gba àkókò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá lọ sí Wireless, kí ẹ wá Wireless Schedule. Wi-Fi Timer ni àwọn Huawei tó ní in ń pè é. Bí ẹ bá wá a títí tí ẹ ò rí i, ó lè jẹ́ pé wọn ò fi sínú tiyín rárá, pàápàá àwọn tí ilé iṣẹ́ síìmù ń tà pọ̀ mọ́ dátà. Lẹ́tà oníṣòwò Ìsánlú nísàlẹ̀ ló máa wúlò fún yín nígbà náà.

Lórí àwọn kan, àpótí kéékèèké lẹ máa rí, ọ̀kan fún wákàtí kan, fún gbogbo ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀. Ẹ ka àlàyé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Lórí ráútà kan, àpótí tí ẹ bá kùn ni ìgbà tí Wi-Fi máa kú. Lórí òmíràn, ìgbà tó máa ṣiṣẹ́ ni. Bó bá sì jẹ́ wákàtí ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí lẹ ń kọ, tó kọ̀ láti gba 22:00 sí 06:00, ẹ pín in sí méjì: 22:00 sí 23:59, lẹ́yìn náà 00:00 sí 06:00. Tí ẹ bá fẹ́ dá òru ọjọ́ Ẹtì sí fún wọn, ẹ rántí pé Àbámẹ́ta ni ráútà ń pè é láti aago 12 òru lọ.

Bí ráútà yín bá ní ìgbì Wi-Fi méjì, 2.4GHz àti 5GHz, ẹ rí i pé ètò náà mú méjèèjì àti Wi-Fi àlejò, bó bá wà. Ẹ dán an wò lójú ọ̀sán: ẹ fi í sí ìṣẹ́jú 5 síwájú, kí ẹ máa wo fóònù bóyá orúkọ Wi-Fi náà á pòórá. Ẹ má fi iná ojú ráútà ṣe ẹ̀rí, torí Night Mode wà lórí àwọn kan tó jẹ́ pé iná yẹn nìkan ló ń pa, Wi-Fi sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ọmọ yóò gbà sá mọ́ yín lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni ihò kékeré tí wọ́n kọ Reset sí. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 10, gbogbo ètò á parẹ́, páásíwọ́ọ̀dù ìdí ráútà á sì padà ṣiṣẹ́. Ẹ gbé ráútà sí yàrá yín. Èkejì ni dátà síìmù tiwọn, tí Wi-Fi yín ò lágbára kankan lé lórí. Áàpù Family Link ti Google ló wà fún ìyẹn lórí Android. Downtime inú rẹ̀ máa ń ti fóònù ọmọ fúnra rẹ̀ ní wákàtí tí ẹ bá dá, yálà Wi-Fi wà tàbí kò sí.

Mo ṣètò tèmi sí aago 11 alẹ́ títí di aago 5 ìdájí. Láti oṣù April, aago 10 ló ń kú. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé bí iná bá lọ tó sì dé lọ́sàn-án, Wi-Fi kì í yọjú fún wákàtí bíi mélòó kan. Olùkọ́, Mọ́pà.

Àìsàn méjì ló wà nínú lẹ́tà yín, aago ló sì fa méjèèjì.

Ti aago 10 yẹn, ó dà bíi pé ìlú kan ní Yúróòpù lẹ yàn nígbà tí ẹ ń ṣètò àkókò. Jámánì wà ní GMT+1 bíi tiwa nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n láti Sunday tó kẹ́yìn oṣù March títí di Sunday tó kẹ́yìn oṣù October, wọ́n máa ń ti aago síwájú ní wákàtí kan. Nígbà tí aago 10 bá lù ní Mọ́pà, ráútà yín ti kà á sí 11. Ẹ yan West Central Africa bó bá wà nínú àwọn tí wọ́n tò. Bí kò bá sí, ẹ pa Daylight Saving, ìyẹn ètò títi aago síwájú yẹn.

Ti ọ̀sán, ọ̀pọ̀ ráútà ò ní bátìrì tó ń tọ́jú aago. Bí iná bá lọ, ó gbàgbé àkókò pátápátá. Bó bá tún tàn, á bẹ̀rẹ̀ láti àkókò tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́, títí íntánẹ́ẹ̀tì yóò fi sọ aago tòótọ́ fún un. Bí dátà bá ti tán, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un. Ká ní iná dé ní aago 2 ọ̀sán, tí aago rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 00:00: lójú tirẹ̀, òru ni. Á pa Wi-Fi títí aago rẹ̀ yóò fi di 5, ìyẹn aago 7 alẹ́ tiwa. Àwọn ráútà mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò ní tẹ̀lé ètò náà rárá títí aago wọn yóò fi tọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá dátà wà lórí síìmù. Bó bá wà tí aago ò sì tún ara rẹ̀ ṣe láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ fi wáyà LAN so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, kí ẹ wọ ibi ètò, kí ẹ tún aago ṣe. Ètò yìí kì í dí wáyà lọ́nà. Àwọn ráútà kan ní bọ́tìnnì Wi-Fi lára. Ẹ lè tẹ ìyẹn.

Mo ra táímà alákọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń yí lọ́wọ́, mo so ó mọ́ ihò iná ara ògiri. Ráútà ò kú rárá! Mini UPS ló wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní táímà ò dáa. Oníṣòwò, Ìsánlú.

Táímà yín ṣe iṣẹ́ tiẹ̀. Ó pa iná tó ń wọ inú UPS, UPS sì ṣe ohun tí ẹ rà á fún: ó fi bátìrì gbé ráútà ró. Ìgbà tí bátìrì bá tán ni ráútà máa tó kú. UPS ló yẹ kó wà lára ògiri, kí táímà wà láàárín UPS àti ráútà. Táímà tó ń lo 12V DC lẹ máa wá fún ìyẹn, ti 220V kọ́. Ẹ ka ìdí ráútà kí ẹ tó so nǹkan kan mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ń gba 12V, 1A tàbí 1.5A, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba 9V tàbí 5V wà, ojú ihò UPS kan náà sì lè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 12V tó bá wọnú ráútà 5V lè jó o. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi mítà wò ó, kó mọ èyí tó jẹ́ pósítífù.

Táímà alákọ́bẹ̀rẹ̀ tún ní àléébù kan tí ẹ ò tíì bá pàdé. Eyín 96 ló wà lára rẹ̀, ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná ìjọba ló ń yí i. Bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́ta, ó dúró fún wákàtí mẹ́ta, aago 11 alẹ́ yín á sì di aago 2 òru. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa níhìn-ín, kò wúlò. Èyí tó ní nọ́ńbà lójú pẹ̀lú bátìrì kékeré nínú ni kí ẹ rà.

Sólà la fi ń gbé ilé. Ṣé pípa Wi-Fi á dín ìnáwó bátìrì kù? Onílé, Ẹ̀gbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ètò inú ráútà, kò tó nǹkan, torí ráútà fúnra rẹ̀ ṣì ń jẹ iná. Bí ẹ bá gé iná rẹ̀ pátápátá, ráútà tó ń jẹ 10W á dá 70Wh padà fún yín láàárín wákàtí méje. Ẹ ṣe é bó bá wù yín.

Lórí Starlink, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì tó ń lo àwo, ni ọ̀rọ̀ wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Standard máa ń jẹ bíi 75W sí 100W, Mini sì ń jẹ 25W sí 40W. Standard fún wákàtí méje jẹ́ 525Wh sí 700Wh. Bátìrì 12V 100Ah tó kún dẹ́nu, 1,200Wh ló gbà. Ìdajì bátìrì ti lọ kí àkùkọ tó kọ! Nínú áàpù Starlink, ètò oorun wà tí wọ́n ń pè ní Sleep. Ẹ fi wákàtí ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí sí i. Ẹ wá Snow Melt níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ pa á. Kò sí yìnyín tó fẹ́ bo àwo yín mọ́lẹ̀ ní Yagba. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà ọgbà yín bá ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ojú òpó rẹ̀ kò ní ṣí fún yín lóru.

Ọmọ mi kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní kí n máa pa Wi-Fi kó má ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ìyá ìkókó, Odò-Ẹ̀rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ò rí ẹ̀rí tó fìdí múlẹ̀ pé ìgbì rédíò tí kò lágbára bíi ti Wi-Fi ń ṣe ara ní jàǹbá. Lóòótọ́, ní 2011, ẹ̀ka wọn tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, fi ìgbì rédíò sí ìpele 2B, ìyẹn "ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ", nítorí ẹ̀rí tó wà kò tó. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn gba oorun lójú yín.

Bí ọkàn yín ò bá ṣáà balẹ̀, ẹ gbé ráútà lọ sí pálọ̀. Bí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po méjì, agbára ìgbì á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ mọ èyí pẹ̀lú: ráútà síìmù tó wà ní yàrá ṣì ń bá òpó ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí 4G lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa Wi-Fi rẹ̀, agbára tó sì lè fi ṣe é tó 200mW. Ní Yúróòpù, 100mW ni òté tí wọ́n fi lé Wi-Fi 2.4GHz.

Láti ìgbà tí a ti ń pa á lóru, dátà orí fóònù mi ń tán ní kíákíá. Akẹ́kọ̀ọ́, Kàbà.

Bí Wi-Fi bá lọ, fóònù á bọ́ sórí dátà síìmù láìsọ fún ọ. Pa dátà síìmù kí o tó sùn. Nínú Play Store, fi ìmúdójúìwọ̀n áàpù sí orí Wi-Fi nìkan, kí o ṣe bẹ́ẹ̀ fún Google Photos àti WhatsApp backup. Bí ẹ bá sì ń ra dátà alẹ́ sórí ráútà, ètò yìí ń fi owó yín ṣòfò. Ẹ yan ọ̀kan.

Àwọn ọmọ mi wà ní Houston àti Toronto. Òru ni wọ́n máa ń pè mí lórí WhatsApp, síìmù ò sì gbé dáadáa nínú ilé wa. Ìyàwó àbúrò mi fẹ́ kí a máa pa Wi-Fi ní aago 10 nítorí àwọn ọmọ tiwọn. Bàbá àgbà, Ìyàrá.

Ẹ má gbà, bàbá, ó kéré tán lọ́nà yẹn. Houston fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, méje nígbà òtútù. Ọmọ tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀, aago 11 alẹ́ tàbí 12 òru ni fún yín. Ti Toronto fi wákàtí kan sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dípò pípa gbogbo Wi-Fi, ẹ ní kí wọ́n lo Parental Controls inú ráútà. Níbẹ̀, fóònù àwọn ọmọ nìkan ni wọ́n máa yàn, wọ́n á fi wákàtí sí i, tiyín á sì máa ṣiṣẹ́. Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé láti Android 10 àti iOS 14, fóònù máa ń fi ayédèrú nọ́ńbà MAC, tí ráútà fi ń dá fóònù mọ̀, wọ Wi-Fi, ọmọ tó bá mọ̀ á sì pààrọ̀ rẹ̀. Lórí Android, kí wọ́n wọ ètò Wi-Fi náà, kí wọ́n fi Privacy sí Use device MAC. Lórí iPhone, kí wọ́n pa Private Wi-Fi Address. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó kọ fóònù náà sínú ráútà.