Èsì: Kí la rí nínú àdéhùn tábà táa fọwọ́ sí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ ní kí ni àdéhùn àgbáyé lórí tábà wúlò fún, nígbà tí wọ́n ṣì ń ta sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ ní gáréèjì Nyanya.

Ọdún 2003 ni wọ́n fẹnu kò lórí àdéhùn náà ní WHO, àjọ ìlera àgbáyé. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà tọrùn bọ̀ ọ́. Àmọ́ àdéhùn kì í mú èèyàn. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ló máa sọ ọ́ dòfin nílé, ó sì tó ọdún mẹ́wàá kí tiwa tó dé, ní 2015. Òfin yẹn ò fàyè gba títa sìgá lẹ́yọ: odindi páálí ni, ẹni tí ò bá sì tíì pé ọdún 18 ò gbọdọ̀ rà á.

Ó dáa, ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù àbókí tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Karu. Ó fi okùn so láítà mọ́ òpó kí oníbàárà má baà gbé e lọ. Ẹni tó ra odindi páálí, kí ló fẹ́ fi láítà olókùn ṣe? Àwọn ọmọ tó ń ra igi kan ló so ó sílẹ̀ fún. Ìkìlọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí, wọn ò rí i rárá, torí inú agolo mílíìkì ni sìgá wà! Owó orí tí wọ́n bù lé e náà, ẹni tó ń ra igi kan ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Lójú tèmi, àdéhùn ò láìsàn. Ẹni tó máa dé ìdí òpó yẹn la ò tíì rí.