Èsì: Kí ló dé tí Bob Feller kò fi ní 300 ìṣẹ́gun?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ogun Àgbáyé Kejì ló dá Bob Feller, ajubọ́ọ̀lù (pitcher) nínú baseball ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dúró sí ìṣẹ́gun 266, kì í ṣe apá rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣe kí ogun tó dé: ìṣẹ́gun 24 ní 1939, 27 ní 1940, 25 ní 1941. Japan kọlu Pearl Harbor ní December 1941. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tó fi wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Kò sì lọ jókòó sí ọ́fíìsì o, ìdí ìbọn ló wà nínú ọkọ̀ ogun USS Alabama. 1942, 1943 àti 1944 lọ pátápátá. August 1945 ló tó tún ju bọ́ọ̀lù fún Cleveland, ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ká ní ó rí nǹkan bí 25 lọ́dọọdún ní ọdún mẹ́ta tó lọ yẹn, ì bá kọjá 300. Ìṣirò yìí dúró bí a bá gbà pé kò ní fara pa láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Èmi gbà bẹ́ẹ̀, nítorí 1946: ó ṣẹ́gun 26, ìgbà 348 ló sì fi strikeout lé ẹni tó di igi mú kúrò. Apá tó ti bàjẹ́ kò lè ṣe ìyẹn láéláé.

Bí ẹ bá fẹ́ fi í wé àwọn tí kò lọ sógun, ọdún sí ọdún ni kí ẹ fi wé e, ẹ má wo àpapọ̀.