Èsì: Ìdí tí ètò kékeré fi lè kó Linux sí wàhálà

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ fẹ́ mọ bí ètò tí ẹnì kan ṣoṣo ń tọ́jú ṣe lè fi odindi Linux, ètò tí ó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, sínú ewu, nígbà tí ojú gbogbo ayé wà lára kóòdù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ xz Utils, ètò tí a fi ń fún fáìlì pọ̀ kí ó lè kéré, ti ọdún 2024 dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Lasse Collin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ètò náà tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn kan fínná mọ́ ọn ní 2022 pé iṣẹ́ ń falẹ̀, ó rán wọn létí pé òun kì í gba owó lórí rẹ̀. Ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan fi sùúrù ràn án lọ́wọ́ títí ó fi gba àṣẹ láti gbé ẹ̀dà jáde, ó sì fi ọ̀nà ẹ̀bùrú, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti wọ inú ẹ̀rọ, pamọ́ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1.

Ẹ kíyè sí i pé OpenSSH, ètò SSH tí a fi ń wọ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn, fúnra rẹ̀ kò lo xz rárá: Debian àti Fedora, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, ló so ó mọ́ àkójọ kóòdù libsystemd, tí òun náà gbára lé liblzma, tí ó jẹ́ apá kan xz. Bákan náà, apá kóòdù tí ó ń mú kí iṣẹ́ ibi náà bẹ̀rẹ̀ kò sí nínú Git, ibi tí a ti ń tọ́jú kóòdù náà ní gbangba, inú àkójọ tí à ń gbà sílẹ̀ nìkan ló wà, nítorí náà ẹni tó ń yẹ Git wò kò lè rí i. Andres Freund, onímọ̀ ètò kọ̀ǹpútà kan, ló tú u fó, nígbà tí ó rí i pé SSH ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ jù.

Ẹ tẹ àṣẹ ldd /usr/sbin/sshd lórí ẹ̀rọ Linux yín kí ẹ rí iye àkójọ kóòdù tí OpenSSH yín gbára lé. Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀, kí ẹ bá olùtọ́jú rẹ̀ dáhùn àwọn ẹ̀sùn àṣìṣe ètò náà tí ó ti pẹ́ nílẹ̀.