Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Module 2004 lórí Neverwinter Nights tuntun

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní module (ìyẹn ìtàn tí èèyàn ń ṣeré rẹ̀) ti géèmù kọ̀ǹpútà Neverwinter Nights kan tí olólùfẹ́ géèmù náà kan ṣe ní 2004, pẹ̀lú hak méjì (àpò fáìlì àfikún). Mo fẹ́ sọ ọ́ di ti Enhanced Edition, ẹ̀dà tuntun géèmù náà. Wọ́n ní kí n ṣí i nínú Toolset tuntun (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe module), kí n tẹ Build, kí n fi í pamọ́, ó parí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bú jáde pé àwọn script kan (àṣẹ tí géèmù ń tẹ̀ lé) kò ní main (ibi tí script ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́), mo bá kọ main sínú gbogbo wọn. Ẹṣin tí mo fi kún un kò hàn. Ilẹ̀kùn tí mo tún ṣe kò sì ṣí. Ẹ gbà mí.

Ìdáhùn: Àbúrò, ta ló ní kí o tẹ Build? Script tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2004, kí lo fẹ́ tún un ṣe sí?

Enhanced Edition tí Beamdog gbé jáde ní 2018 ṣì ń gba module ayé BioWare, iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe géèmù náà. Kó .mod sínú fódà modules, .hak sínú hak, .tlk (ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀) sínú tlk, gbogbo rẹ̀ nínú fódà Neverwinter Nights tó wà ní Documents, kí o sì ṣí géèmù. Ọ̀pọ̀ module ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má kó nǹkan kan sínú fódà override o, torí gbogbo module tí o bá ṣí ni ohun tó bá wà níbẹ̀ máa kàn.

Ọ̀rọ̀ “ṣí i, tẹ Build, fi í pamọ́” yìí ti sú mi. Àwọn kan tiẹ̀ ń gbowó lé e lórí, wọ́n á ní àwọn ti sọ module di tuntun. Irọ́ ni. Iṣẹ́ tí Build ń ṣe ni pé ó ń sọ script tí èèyàn kọ (.nss) di èyí tí géèmù ń kà (.ncs). Kò débi hak rárá, bẹ́ẹ̀ inú hak ni wàhálà ẹṣin rẹ wà.

Wò ó. Fáìlì 2da jẹ́ tábìlì lásán, ìlà lórí ìlà, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ appearance.2da ló ń sọ bí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Module kò kọ “ẹṣin” tàbí “ejò” sára ẹ̀dá, nọ́ńbà ìlà ló ń kọ. Tí hak bá wá gbé appearance.2da tirẹ̀ dání, géèmù kò ní da tábìlì méjèèjì pọ̀. Ti hak nìkan ló máa lò, á pa ti ara rẹ̀ tì pátápátá. Ẹṣin kò sì tíì sí nínú géèmù yìí ní 2004, àtúnṣe 1.69 ti 2008 ló kó wọn dé. Tábìlì inú hak rẹ ò mọ̀ wọ́n rí. Ìlà tí o pè lè ṣófo, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀dá tí ẹni tó ṣe module fúnra rẹ̀ fi kún un ló ti jókòó síbẹ̀: wàá pe ẹṣin, ejò á yọjú.

Bí o ṣe máa tún un ṣe nìyí, kì í ṣe iṣẹ́ wàrà-wàrà. Yọ 2da náà jáde nínú hak. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti géèmù tuntun, kí o wá àwọn ìlà tí ẹni náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún un. Àwọn nìkan ni kí o dà kọ sínú tábìlì tuntun, lórí nọ́ńbà kan náà. Tí nọ́ńbà méjì bá forí gbárí, gbé ti ẹni náà lọ sí nọ́ńbà tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ààyè wà, kí o sì yí nọ́ńbà náà padà lára gbogbo ẹ̀dá tó ń lò ó. Ibí ni wọ́n ti máa ń ṣubú: ẹ̀dá tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ sínú module kì í tẹ̀ lé blueprint (àwòkọ́ṣe rẹ̀) tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i. O gbọ́dọ̀ tún òun náà ṣe. Àti pé tí hak méjèèjì bá ní 2da olórúkọ kan náà, èyí tó wà lókè nínú àkójọ ló ń borí. Wò ó dáadáa kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ti main: yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lónìí. Àwọn fáìlì yẹn jẹ́ include, àwọn script mìíràn ló ń yá wọn lò, kò yẹ kí wọ́n ní main tiwọn. Àṣìṣe tí Toolset kọ yẹn kò léwu, ìwọ lo sọ ọ́ di ewu. Ní báyìí gbogbo script tó ń yá wọn lò ti ní main méjì.

Ti ilẹ̀kùn: ṣé ibi tí o ti dá géèmù dúró tẹ́lẹ̀ lo ti ń bá a lọ? Ẹ̀dà module àtijọ́ wà nínú save yẹn, kò ní mọ̀ pé o tún nǹkan kan ṣe. Bẹ̀rẹ̀ géèmù láti ìbẹ̀rẹ̀ kí o tó tún fọwọ́ kan script ilẹ̀kùn.

Mi ò rí fáìlì rẹ o, ohun tí o kọ ni mo fi dáhùn. Tọ́jú ẹ̀dà àkọ́kọ́ síbi tí Toolset kò ní dé. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníṣẹ́ ni: gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é kí o tó pín in fáwọn ẹlòmíràn. Tí o kò bá rí i, orí kọ̀ǹpútà rẹ ni kó mọ.