Ṣé kí wọ́n gbẹ́ jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ nítorí pé ọkọ̀ ń wúkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Peugeot 504 ni mò ń lò ní Abẹ́òkúta. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń wúkọ́ láti ẹnu kábúrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́) bí mo bá tẹ iná mọ́ ọn lójijì, kì í sì í fẹ́ dúró lórí silóò, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ iná. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń sáré lọ́nà, ara rẹ̀ á balẹ̀. Mẹkáníìkì mi tú púlọ́ọ̀gì, ó ní wọ́n funfun, ó ní epo kò tó ẹ́ńjìnnì náà, òun sì fẹ́ gbẹ́ ihò jẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tí epo ń gba ihò rẹ̀ kọjá nínú kábúrétọ̀, kí epo lè pọ̀ sí i. Ẹlòmíràn ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé kò ní máa jẹ epo jù. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ jẹ́ẹ̀tì yẹn. Kábúrétọ̀ tí wọ́n ti bà jẹ́ báyìí kí wọ́n tó gbé e wá bá mi ti pọ̀ débi pé mi ò lè fi ọ̀rọ̀ náà bọpo bọyọ̀ mọ́.

Kí bẹntiróòlù tó lè jó tán, ó nílò afẹ́fẹ́ tí ó wúwo tó ìlọ́po 14.7 epo náà. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ ju ìyẹn lọ púpọ̀, iná inú sílíńdà á máa fà, kò ní tètè jó tán, ó sì lè máà tíì kú nígbà tí fáàfù tí epo ń gbà wọlé bá tún ṣí. Yóò wá ràn mọ́ èyí tí ó ń bọ̀ lọ́nà. Ikọ́ tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí mẹkáníìkì yín rí àìsàn náà bó ṣe rí. Ibi tí ó ti ṣìnà ni pé ó gbà pé epo ló dín, nígbà tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ṣeé ṣe kó pọ̀.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí ẹ fúnra yín kọ. Ọkọ̀ náà ń dààmú lórí silóò, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ lọ́nà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà lórí silóò, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ tí àkísẹ́lẹ́tọ̀ ń ṣí nínú kábúrétọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ẹ́ńjìnnì á sì máa fa afẹ́fẹ́ kíkankíkan. Bí gáskẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń dí ojú ìsopọ̀) ìdí kábúrétọ̀ bá ti gbẹ, tàbí tí ti ojú manífóòlù (ọ̀nà tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà lọ sínú sílíńdà) ti là, tàbí tí róbà tí ó lọ sí hydrovac búréèkì (èyí tó ń mú kí búréèkì rọrùn láti tẹ̀) ti sán, afẹ́fẹ́ tí kábúrétọ̀ kò wọ̀n á gba ibẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá tẹ iná tán pátápátá, fífà náà á rọlẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú ìjò wọlé kò sì ní jẹ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń gba ẹnu kábúrétọ̀. Ìdàkejì èyí ni ọkọ̀ tí ó dúró dáadáa lórí silóò ṣùgbọ́n tí kò lè gun òkè: fílítà epo, pọ́ńpù, ìwọ̀n epo inú kábúrétọ̀ tàbí ihò èémí ìdérí táńkì ni ká yẹ̀ wò níbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí gbígbẹ́ máa ń ṣe. Nọ́ńbà ara jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ Solex ni fífẹ̀ ihò rẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà: 140 túmọ̀ sí 1.40 mm. Bí wọ́n bá fi wáyà tàbí fáìlì kékeré fẹ̀ ẹ́ dé 1.50 mm, ojú kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìyàtọ̀ náà, síbẹ̀ àyè tí epo ń gbà ti fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Lórí ìrìn ni jẹ́ẹ̀tì ńlá ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Jẹ́ẹ̀tì kékeré ló ń darí silóò. Èyí ni pé ikọ́ á ṣì wà níbẹ̀, epo á máa ṣòfò lójú ọ̀nà, èéfín dúdú á máa jáde, epo tí kò jó á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà. Ó dà bí ẹni tó ń da iyọ̀ kún ọbẹ̀ tí ẹlòmíràn ń bu omi sí.

Púlọ́ọ̀gì funfun nìkan kò tó ẹ̀rí. Ní ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà fẹnu kò ní Dakar pé kí òjé kúrò nínú bẹntiróòlù kí ọdún 2005 tó parí, bẹ́ẹ̀ epo tí kò ní òjé kì í pa púlọ́ọ̀gì láwọ̀ dà bíi ti àtijọ́. Funfun bíi ẹfun, tí ẹnu irin rẹ̀ sì ti ń jẹ, ni kí ẹ bẹ̀rù.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kábúrétọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo táímìnì (àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń ṣáná), kọ́ńtáàtì (èyí tó ń já iná kí púlọ́ọ̀gì lè ṣáná) àti tápẹ́ẹ̀tì (àyè tó wà lórí fáàfù), nítorí pé àwọn náà lè mú ọkọ̀ wúkọ́. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa tí ó wà lórí silóò, ẹ fa ṣóòkù, èyí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀ sí i, díẹ̀díẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ lóòótọ́. Bó bá ń fẹ́ kú, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ẹ wá fún róbà hydrovac pinpin. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà sí rere, ẹ ti rí ojú ìjò kan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fi ọ́ìlì pa ìdí kábúrétọ̀ àti ojú manífóòlù yíká, kí ẹ sì máa tẹ́tí. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti yí padà ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Mo mọ̀ pé bẹntiróòlù ni àwọn kan máa ń wọ́n síbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é: ẹ́ńjìnnì gbígbóná tó ń wúkọ́ iná kì í ṣe ibi tí à ń da epo sí. Ẹ mi ọ̀pá tí ìlẹ̀kùn kábúrétọ̀ ń yí lé lórí náà. Ó máa ń jẹ nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́, kò sì sí gáskẹ́ẹ̀tì tó lè wò ó sàn. Bí gbogbo èyí bá mọ́, kí wọ́n fọ jẹ́ẹ̀tì kékeré pẹ̀lú afẹ́fẹ́, láìki wáyà bọ̀ ọ́. Kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́, kí ẹ tẹ iná lẹ́ẹ̀kan: bí epo kò bá tú jáde gbọnrangandan nínú ọ̀fun kábúrétọ̀, rọ́bà pọ́ńpù kékeré inú rẹ̀ ti bàjẹ́, ìyẹn nìkan sì tó láti fa ikọ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ iná lójijì.

Ti ẹni tó ní kí ẹ fi í sílẹ̀, kò gbà yín nímọ̀ràn rere. Ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń gbóná jù bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, ó sì lè jó fáàfù tàbí kó lu orí písítìn. Owó èyíkéyìí nínú méjèèjì ju epo tí ẹ rò pé ẹ ń ṣọ́ lọ. Ikọ́ àárọ̀ kùtùkùtù nígbà ọyẹ́ kò sí nínú èyí tí mò ń sọ. Ṣóòkù ló ń tọrọ nígbà náà.

Mi ò fojú rí ọkọ̀ náà, ohun tí ẹ kọ ni mo fi dáhùn, nítorí náà ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ni kó pinnu lẹ́yìn àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá sì ti gbẹ́ jẹ́ẹ̀tì kí èsì yìí tó dé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sódà dí i kí wọ́n tún un lu. Ẹ ra òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ìwé ọkọ̀ mu, kí ẹ sì pa gáskẹ́ẹ̀tì ìdí kábúrétọ̀ rọ̀ lọ́jọ́ kan náà.