Wọ́n ní odò wa kì í ṣe odò: kí la lè ṣe kí wọ́n tó wa góòlù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ kòkó ni mí nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ wa góòlù lórí òkè tó wà lẹ́yìn oko wa. Odò kékeré kan ń ti ibẹ̀ ṣàn wá, àmọ́ láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, iyanrìn lásán ni. Àwọn tó wá wo ilẹ̀ lóṣù Kejì ní kò sí odò níbẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o, bàbá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yẹn rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, a lọ wọn odò kan lóṣù Kejì, a kọ “kò sí omi” sínú ìwé, a ti ń di ẹrù wa. Ìyá àgbà kan pè wá padà, ó nawọ́ sí igi kan létí odò. Pàǹtí tí àgbàrá gbé wá ló há sára igi náà, ó ga tó àyà mi! Látìgbà náà, mo máa ń wo igi etí odò kí n tó wo odò.

Àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ yín. Ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta náà àti ojú ibi tó ti sán ni omi ń sá pa mọ́ sí. Lásìkò òjò, ilẹ̀ rírọ̀ yìí á mu omi yó, á sì máa tú u sódò díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á lọ sílẹ̀ ju ojú odò lọ. Ṣé ẹ rí i pé tí ẹ bá gbẹ́ iyanrìn yẹn, omi lè sun jáde? Tí kòtò góòlù bá wá jìn ju ibi tí omi náà wà lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fi pọ́ǹpù fà á kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Odò tó ń gbẹ lóṣù Kejìlá lè wá máa gbẹ lóṣù Kẹwàá, omi inú kànga yín pẹ̀lú á sì máa fà sílẹ̀. Tí wọ́n bá sì ń da omi pọ́ǹpù yẹn sódò, ẹ lè rí omi lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ má tíì yọ̀, ẹ má sì mu ún títí wọn ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Àgbàrá ló ń bà mí lẹ́rù jù. Òjò mìlímítà 1 lórí hẹ́kítà 1 jẹ́ lítà 10,000. Òjò mìlímítà 50 lórí hẹ́kítà 100 ti di mílíọ̀nù lítà 50. Igbó máa ń mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí katapílà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè mu ún. Òjò àkọ́rọ̀ ló sì burú jù: gbogbo eruku òkúta tí ẹ̀ẹ̀rùn kó jọ ló máa gbá sódò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí omi ò tíì pọ̀ tó láti fọ̀ ọ́ lọ. Tí imí-ọjọ́ bá wà nínú òkúta náà, afẹ́fẹ́ àti omi lè sọ ọ́ di ásíìdì. Ẹni tó wá lóṣù Kejì nìkan ò ní rí èyíkéyìí nínú èyí.

Òfin tó ní kí wọ́n yẹ ipa iṣẹ́ lórí àyíká wò ti wà ní Nàìjíríà láti 1992. Wọ́n máa ń gbé àbọ̀ rẹ̀ síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí aráàlú lè sọ tẹnu wọn. Ẹ lọ kà á, kí ẹ béèrè ìwọ̀n omi àsìkò òjò.

Àmọ́ ẹ má dúró dè wọ́n, ẹ̀yin náà lè wọn odò. Ẹ wá ibi tí odò ti ṣàn tààrà, ẹ wọn mítà 10 létí rẹ̀, ẹ ju ọsàn sómi (atẹ́gùn kì í fẹ́ ọsàn kiri bíi ti ewé), ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá. Ká ní odò fẹ̀ ní mítà 2, ó jìn ní mítà 0.3, ọsàn sì lo ìṣẹ́jú àáyá 20: 2 × 0.3 × 10 ÷ 20 jẹ́ 0.3; ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000, lítà 300 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Orí omi máa ń yára ju ìsàlẹ̀ lọ, torí náà ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò, ẹ kọ 240. Ẹ kọ ọjọ́ tí odò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn àti ọjọ́ tó dákẹ́, ẹ ya fọ́tò láti ojú kan náà, kí ẹlòmíì fọwọ́ sí ìwé náà pẹ̀lú yín. Ẹ fi okùn wọn kànga tó sún mọ́ òkè náà lóṣooṣù, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ kí àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀ yìí tó rọ̀.